Ilẹ̀ Ọmọ Lọ́tọ̀, Ilẹ̀ Ajá Lọ́tọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí ìkókó bá dé sínú ilé tí ajá wà, àwọn kan á ní kí ajá kúrò nílé lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn mìíràn á gbé ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí kí wọ́n pọ̀n ọ́n láti àárọ̀ dalẹ́, kí ajá má baà fẹnu kàn án. Àwọn tí tiwọn ń bani lẹ́rù jù ni àwọn tó máa ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní pálọ̀, tí wọ́n á gbé ọmọ lé e, tí wọ́n á ní, "Ajá wa kì í ṣe ọmọdé ní nǹkan kan." Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ọmọ lè wà nílẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ilé tí ajá wà, láìsí pé a lé ajá. Ṣùgbọ́n ìdènà tó dúró gbọin láàárín àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ kó ṣeé ṣe, kì í ṣe ìwà rere ajá.

Ọmọ nílò ilẹ̀ yìí. Ìgbà tó bá dojú bolẹ̀, tó ń tiraka láti gbórí sókè, ni ọrùn, èjìká àti ẹ̀yìn rẹ̀ ń le. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2019 ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tí kò sì tíì máa rá, fi ikùn lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ó kéré tán, kí a pín in kéékèèké, nígbà tí kò bá sùn. Ìlànà kan náà ní kí a má ṣe de ọmọ mọ́ ojú kan kọjá wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan, ó sì ka ìpọ̀n mọ́ ọn. Ìpọ̀n dára, kò sẹ́ni tó máa bá ìyá Yorùbá jiyàn ìyẹn, àmọ́ ẹ̀yìn ìyá kò lè ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ fún ọmọ.

Ìṣẹ́jú 3 sí 5 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kìíní, àyà ìyá tàbí ti bàbá tó fẹ̀yìn tì lórí bẹ́ẹ̀dì ti tó fún ọmọ, pẹ̀lú ilẹ̀kùn yàrá ní títì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó wá bọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ pámpásì rẹ̀ ló dára jù. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú tán, ẹ jẹ́ kó tó bí ìṣẹ́jú 20 sí 30; bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bì í síta, òórùn wàrà tó dà sílẹ̀ náà ló sì máa ń fa ajá wá. Bí orí bá wúwo fún un, ẹ ká táwẹ́lì kékeré sábẹ́ àyà rẹ̀, kí apá rẹ̀ méjèèjì wà níwájú táwẹ́lì náà. Bó bá sùn lọ síbẹ̀, ẹ gbé e lọ sórí ibùsùn tirẹ̀, kó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìkókó tó ń sùn ní ìdojúbolẹ̀, ewu ikú òjijì lójú oorun pọ̀ sí i fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ náà láti ojú ajá. Ọmọ tó wà lápá èèyàn àti ọmọ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà sí i. Ojú èyí tó wà nílẹ̀ ti dọ́gba pẹ̀lú ojú ajá. Ó ń ju ẹsẹ̀, ó ń ké tín-ín-rín, wàrà ń rùn lẹ́nu rẹ̀. Ajá kan á fẹ́ lá a lójú. Òmíràn á fẹ́ fi ẹsẹ̀ wá a wò bóyá yóò bá òun ṣeré. Òmíràn sì rèé, ẹ̀rù ọmọ ló ń bà á. Kò sí èyí tó dára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akọ Alsatian tó ti dàgbà máa ń wọ̀n tó kílò 30 sí 40, Boerboel lè kọjá 60. Kí ẹnìkan kan géètì lójijì, kí irú ajá bẹ́ẹ̀ dìde fìrì láti lọ gbó o, kó sì gba orí ẹní ọmọ kọjá: jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, láìsí ìbínú kankan. Àwọn tó ní Lhasa kékeré máa ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn. Ó kàn wọ́n. Orí, ojú àti ọrùn ni ajá sábà máa ń gé ọmọ kékeré jẹ, eyín Lhasa sì tó ó ṣe. Ajá ilé ẹni tàbí ti ojúlùmọ̀ ló tún sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe ajá ìgboro.

Ajá máa ń sọ̀rọ̀ kó tó gé èèyàn jẹ, àwa la kì í gbọ́. Tó bá ń lá imú ara rẹ̀ láìsí oúnjẹ nítòsí, tó ń yán láìjẹ́ pé oorun ń kùn ún, tó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àmọ́ tí ẹyinjú rẹ̀ ṣì wà lára ọmọ débi pé funfun ojú rẹ̀ hàn, tàbí tó ti ìrù bọ abẹ́ ikùn, ara kò tù ú níbẹ̀. Tí gbogbo ara rẹ̀ bá wá dúró gan-an, tó pa ẹnu dé, tí kò mí hẹlẹhẹlẹ mọ́, ẹ gbé ọmọ kúrò kíá. Ẹ má fi ti ìrù ṣe: ìrù tó gbé sókè, tó le, tó ń jù wìrìwìrì lè jẹ́ ti ìjà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbi ọ̀rọ̀ yìí ni kí ajá kùn sí ọmọ, kí wọ́n sì torí rẹ̀ nà án. Ajá tí a bá nà nítorí kíkùn á fi kíkùn sílẹ̀, kò ní fi ìbẹ̀rù sílẹ̀. Ọjọ́ tó bá tún dé bá a, eyín ni yóò kọ́kọ́ lò. Tó bá kùn, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é kúrò, ẹ tì í síbòmíràn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wádìí ohun tó fà á. Ó lè jẹ́ egbò inú etí, ó lè jẹ́ abọ́ oúnjẹ tí ọmọ sún mọ́, ó lè jẹ́ irun rẹ̀ tí ọmọ fà. Kíkùn yẹn oore ló ṣe yín.

Ìdènà wá ńkọ́? Géètì oníke tí a kàn ń fún mọ́ ẹnu ọ̀nà láìlu ihò sí ògiri, ajá ńlá á fi àyà tì í wó. Ohun tó dára jù ni ìdajì ilẹ̀kùn tí káfíńtà àdúgbò lè kàn láàárín ọjọ́ kan. Kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀. Bí ajá yín bá mọ fífò, ẹ kúkú ti ilẹ̀kùn gidi. Kí férémù rẹ̀ jẹ́ pákó tú-báì-tírì, kí àwọn igi inú rẹ̀ dúró lóòró. Bí wọ́n bá kàn án ní ìbú, ọmọ tó bá ti lè dìde yóò fi wọ́n ṣe àtẹ̀gùn. Àlàfo láàárín igi kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, ìyẹn ínṣì méjì lé díẹ̀. Tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ara ọmọ lè kọjá kí orí há. Ajá kékeré ṣì lè ti imú bọ ibẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n kan nẹ́ẹ̀tì onírin mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ dé àárín, lápá ọ̀dọ̀ ajá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ káfíńtà kì í rò ni ibi tí ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí. Ọ̀dọ̀ ajá ni kó máa ṣí sí. Tí ajá bá wá fi àyà sọ ọ́, ṣe ni yóò túbọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ọmọ ló ń ṣí sí, bóòtì kékeré kan ṣoṣo ló kù láàárín wọn, ìṣó rẹ̀ á sì tú bópẹ́ bóyá. Kí hínjì jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n fi sukúrúù mú wọn, kì í ṣe ìṣó lásán, torí ìṣó máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ajá bá ń fò mọ́ igi. Kí bóòtì wà lókè pátápátá. Kí wọ́n fi sáńpépà họ gbogbo etí igi, torí ọmọ yóò jẹ ẹ́ lẹ́nu nígbà tí eyín bá ń hù. Tí ẹ bá máa kùn ún, ẹ bèèrè ọ̀dà tí kò ní òjé. Kódà pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ tẹ́ ẹní ọmọ jìnnà sí ìdènà náà tó mítà kan.

Àhámọ́ oníke alánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà fún ọmọdé wúlò fún ìṣẹ́jú méjì tí ẹ fi máa ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Kì í ṣe ìdènà bí ajá bá wà nínú yàrá kan náà: ó fúyẹ́, ajá lè tì í ṣubú tàbí kó fò wọ inú rẹ̀.

Ṣéènì náà kọ́. Ṣéènì tó gùn ní mítà 2 kò túmọ̀ sí pé mítà 2 ni eyín ajá dé. Ẹ fi gígùn ara ajá kún un: ajá ńlá lè dé nǹkan bí mítà 3 sí ibi tí a so ó mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ajá tí a so láti àárọ̀ dalẹ́ a máa kanra, a sì máa ṣọ́ ìwọ̀nba ilẹ̀ tó kù fún un. Ọmọ tó bá rá dé ibẹ̀ ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀.

Bí a ṣe ń tò ó lójúmọ́ rèé. Kí ajá kọ́kọ́ jáde, kó tọ̀, kó yàgbẹ́, kó sáré fún bí ìṣẹ́jú 20, kó jẹun, kó mu omi. Ajá tó ti rẹ̀ kì í wá ìjọ̀ngbọ̀n. Ẹ wá tì í sẹ́yìn ìdènà, kí ẹ fún un ní pọ̀nmọ́ gbígbẹ tó le dáadáa, tí yóò máa bá ṣeré lẹ́nu. Egungun adìẹ tí a ti sè kọ́ o, ó máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó lè gún un nífun. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ bá wà nílẹ̀ nìkan ló ń rí pọ̀nmọ́ yìí, kò ní pẹ́ tí ajá fúnra rẹ̀ á fi máa lọ sẹ́yìn ìdènà ní kété tó bá rí i pé ẹ ń tẹ́ ẹní. Ìyẹn ló mú kí ọ̀nà yìí dára ju lílé e pẹ̀lú igbe lọ: ajá tí a ń lé nígbà gbogbo tí ọmọ bá dé yóò kórìíra ọmọ. Lásìkò ooru, táìsì tó tutù ni ajá ń wá. Tí pálọ̀ bá jẹ́ ibi tó tutù jù nílé, ẹ wá ibòji mìíràn fún un pẹ̀lú omi, kó má baà máa fi èékánná ha ilẹ̀kùn.

Ẹ gbálẹ̀, ẹ nù ún, ẹ tẹ́ ẹní. Ẹní rọ́bà tàbí ẹní tó nípọn díẹ̀ tí kò sì rọ̀ ló dára. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì rọ̀ jù, imú ọmọ á rì sínú rẹ̀. Ti ọmọ nìkan ni ẹní yìí. Ẹ ká a kí ẹ gbé e kọ́ sókè tí ẹ bá ṣe tán, nítorí ajá kò mọ̀ pé ẹní tí òun sùn lé ní ọ̀sán kì í ṣe tòun ní ìrọ̀lẹ́. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe Izal. Àgbàlagbà kan yóò jókòó sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti tó ọmọ, tí yóò kọjú sí ìdènà, láìsí fóònù lọ́wọ́. Bí ọbẹ̀ bá ń jó níná, ẹ gbé ọmọ dání kí ẹ tó dìde. Ẹ má fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ ṣọ́ ọ. Agbára ọmọ ọdún mẹ́jọ kò ká ajá.

Ìgbà tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí ni oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ìbímọ. Ẹ ti kan ilẹ̀kùn náà, ẹ ti jẹ́ kí ibùsùn ajá kúrò ní pálọ̀, kó má baà dà bí ẹni pé ọmọ ló lé òun kúrò níbẹ̀. Ẹ máa fi fóònù gbé igbe ìkókó sétí rẹ̀ ní ohùn kékeré, pẹ̀lú ẹran díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá dé, aṣọ tí wọ́n fi wé e ni kí ajá kọ́kọ́ gbóòórùn, kì í ṣe ọmọ fúnra rẹ̀.

Nígbà tó bá ń tó oṣù méje sí mẹ́sàn-án, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rá, ọ̀rọ̀ sì yí padà: ọmọ ló ń wá ajá kiri báyìí. Abọ́ oúnjẹ ajá kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ mọ́ tó bá ti jẹun tán. Bísíkíìtì tó já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ajá kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ láti bá a du ú. Pámpásì tí ẹ bọ́, inú ike onídèérí ni kó lọ, torí ajá fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Àìsàn ńkọ́? Aràn ajá tí wọ́n ń pè ní Toxocara, inú ìgbẹ́ ni ẹyin rẹ̀ ń bá jáde. Ẹyin náà kì í tíì lè kó ran èèyàn lọ́jọ́ náà. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilẹ̀ kó tó lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tí kíkó ìgbẹ́ ajá lójoojúmọ́ fi ṣe pàtàkì ju dída Izal tàbí Hypo sílẹ̀ lọ, nítorí àwọn oògùn wọ̀nyẹn kì í sábà pa ẹyin aràn yìí. Tó bá ti wọ ilẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ajá ló máa ń ní aràn yìí jù, torí láti inú ìyá wọn ni wọ́n ti ń kó o, nítorí náà ẹni tó ń ra ọmọ ajá fún ìkókó kí wọ́n lè "jọ dàgbà" ti mú wàhálà wọlé. Oògùn aràn fún ọmọ ajá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 2, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí di ọ̀sẹ̀ 8. Lẹ́yìn náà, dókítà ẹran á sọ ìgbà tó kù. Ti àgbà ajá, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Eégbọn máa ń gun ògiri lọ yé ẹyin sínú ihò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá tọ́jú ajá láì fi símẹ́ǹtì dí ihò ògiri, ẹ óò máa tún un ṣe ni. Ọ̀tápiapia kò gbọdọ̀ kan ara ajá tàbí ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lórí rẹ̀. Májèlé ni, ọmọ á sì fi ọwọ́ kan náà bọ ẹnu.

Ti dìgbòlugi ni kí ẹ má fi ṣeré rárá. Ajá gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, kó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Bí ajá bá gé ọmọ jẹ, tàbí tó ha á, tàbí tí ajá tí ara rẹ̀ kò yá lá a lójú egbò tàbí lẹ́nu, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Kò sí epo pupa, kò sí ata, kò sí irun ajá tí a sun. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ kọ́kọ́ pè láti bèèrè bóyá abẹ́rẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn. Ìgéjẹ ojú ni ó yẹ ká sáré sí jù, nítorí inú iṣan ìmọ̀lára ni àrùn náà ń gbà dé ọpọlọ, ojú ọmọ sì sún mọ́ ọpọlọ. Irú rẹ̀ tún nílò abẹ́rẹ́ mìíràn tí wọ́n ń gún yí ojú egbò ká. Tí àmì àìsàn yìí bá ti hàn lára èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Ẹ má sáré pa ajá náà. Ẹ tì í mọ́lé fún ọjọ́ 10, kí dókítà ẹran máa wò ó: ìtọ́jú ọmọ kò ní dúró de ọjọ́ 10 yìí, àmọ́ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ajá láàárín ọjọ́ yẹn ni yóò sọ bí ìtọ́jú náà ṣe máa lọ.

Ìṣòro tí kò rọrùn ni ti ayálégbé, níbi tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo sì jẹ́ ti gbogbo ilé, tí ajá wá jẹ́ ti lánlọ́ọ̀dù. Ẹ ò lè pàṣẹ fún ajá onílé. Inú yàrá yín ni kí ilẹ̀ ọmọ wà, kí ìdajì ilẹ̀kùn wà lẹ́nu yàrá yín, kí ẹ sì bá lánlọ́ọ̀dù sọ ti abẹ́rẹ́ àti oògùn aràn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn ayálégbé tó ń dá owó iná lè dá owó abẹ́rẹ́ ajá.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rèé. Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 ni ìyá ń gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ yín, ẹ sì máa ń bèèrè bóyá ọmọ ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta kún un: ṣé ajá wà nílé, ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ àti oògùn aràn kẹ́yìn, níbo ló máa ń wà nígbà tí ọmọ bá wà nílẹ̀? Bí ìyá bá dáhùn ìkẹta pé "ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà ni", ẹ júwe káfíńtà fún un.

Àwa òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.